Ọjọ́ Mẹ́wàá Tí Fàsílátù Fi Retí Èsì

Fàsílátù ìyàwó mi ló ní kí n kọ èyí, ó sì ní kí n má fi ohunkóhun pamọ́. Ó ní àwọn obìnrin tó ń ṣe irú rẹ̀ pọ̀ ní Ẹ̀jìgbò, kálukú wọn ń dá jìyà sílé.

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Ọdún mọ́kàndínlógún la lò ní Àbíjàn kí a tó padà wálé, ṣọ́ọ̀bù abọ́ àti ìkòkò ló wá ṣí. Ọmọ márùn-ún ló bí. Àbíkẹ́yìn tóbi, ó sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ó bá sín, bí ó bá rẹ́rìn-ín, bí ó bá gbé ìkòkò kan sókè, ìtọ̀ á já bọ́ lára rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ló fi gbé e mọ́ra. Ìtọ̀ a sì máa ba àlùwàlá jẹ́. Ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú, ó kúrò ní ìlà iwájú bọ́ sẹ́yìn, láti ẹ̀yìn ó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Jàmílàt, ìwọ lo kúkú ń ṣọ́ bàtà fún wa," ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wí.

"Ẹ ṣáà máa san owó iṣẹ́ mi," òun náà á dáhùn, á sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìwọ̀nba tí ìtọ̀ kò fi ní já. Nígbà tó yá, kò lọ mọ́.

Jàmílàt àkọ́bí wa, tó ṣì wà ní Àbíjàn, ló sọ̀rọ̀ lésà fún un. Ìmọ́lẹ̀ kan ni, dókítà á tàn án láti inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú ara obìnrin, kí ẹran ibẹ̀ lè gbóná, kí ó sì sún kì. Kò sí abẹ, kò sí rírán, ẹni tó ṣe é á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn relé. A béèrè káàkiri títí a fi rí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn tó ń ṣe é, wọ́n sì dá oṣù kan fún wa.

"Ṣé iná ni wọ́n fẹ́ tì bọ̀ mí lára?" Fàsílátù bi mí.

"Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n pè é."

"Oòrùn náà ìmọ́lẹ̀ ni. Ẹ wo bó ṣe ń sọ ẹ̀gẹ́ di láfún."

Nígbà tí ọjọ́ pé, Dókítà Ameenat, obìnrin tí kò tíì tó ogójì ọdún, ní kí n jókòó síta. Mo kọ̀. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, ẹni tó máa san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta, ó yẹ kí ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé.

Dókítà ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó fa iná sún mọ́ ibẹ̀.

"Mà, mo rí ọgbẹ́ níbí. Ṣé ẹ ń fi nǹkan kan síbẹ̀? Ọṣẹ ni, àgbo ni, ohun yòówù kó jẹ́?"

"Rárá," ni Fàsílátù wí.

"Ó dá yín lójú?"

"Mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀."

Dókítà ní wọn kì í tan lésà sórí ọgbẹ́. Ó bù bín-ín-tín nínú ẹran ibẹ̀ láti fi ṣe àyẹ̀wò, ó ní ó di ọjọ́ mẹ́wàá kí èsì tó jáde.

"Ṣé jẹjẹrẹ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Mi ò sì tíì lè sọ pé kì í ṣe òun. Ìdí tí mo fi bù ú nìyẹn."

Bí a ṣe ń padà lọ sílé, tí a dé Ìwó, Fàsílátù ní, "Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni ìyá mi nígbà tó kú."

Ọjọ́ kejì, kò jẹun. Ọjọ́ kẹta, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bí fóònù mi bá dún, á dìde jáde kúrò nínú yàrá. Èmi náà jókòó, mo ṣírò ohun tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ lè gbà, láti orí oko mi ní Ọlá dé orí mọ́tò. Nígbà tí mo rí i pé ilé tí à ń gbé máa wọ̀ ọ́, mo ya ìwé náà.

Ọjọ́ kẹfà, ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀, Wàlíyátù, tó ń yan gàrí ní ìlú Ara. Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ.

"Léèsì yìí, tìrẹ ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó há mọ́ mi láyà. Ẹ má tíì kú, ẹ jẹ́ kí n rù díẹ̀ ná."

Fàsílátù kò rẹ́rìn-ín. Wàlíyátù ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpótí, ó fa ọ̀rá kan jáde, òkúta funfun wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀.

"Álọ́ọ̀mù rèé. Kí lẹ ń fi álọ́ọ̀mù ṣe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbẹ́ bóhólù? Àwa tí omi wa kì í tòrò la ni álọ́ọ̀mù."

Mo wà ní pálọ̀, mo ń gbọ́ wọn. Ìgbà tó ṣe, mo gbọ́ ẹkún, Wàlíyátù sì pè mí wọlé.

Obìnrin kan ló sọ fún Fàsílátù lọ́jà pé kí ó máa lọ álọ́ọ̀mù sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó máa fi fọ ojú ara rẹ̀. Ó ní yóò dá ìtọ̀ dúró, yóò sì di ọkọ mú. Ọdún méjì ló ti ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọjọ́ lésà fún wa, ẹ̀rù lésà mú kí ó sọ ọ́ di ojoojúmọ́, bóyá ara rẹ̀ á yá kí ọjọ́ tó pé.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún dókítà?" mo bi í.

"Ẹ wà níbẹ̀." Ó nu imú. "Ṣé létí yín ni kí n ti máa sọ pé mo ń fi òkúta tún ara mi ṣe, kí ẹ má baà fẹ́ ìyàwó mìíràn?"

Wàlíyátù wò mí láti òkè délẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá wa pe dókítà. Kí ẹ sì bọ́ síta."

Mo pe dókítà, mo gbé fóònù fún ìyàwó mi, mo jáde. Dókítà sọ fún un pé kí ó da álọ́ọ̀mù náà nù kíákíá, pé ó ń jó ẹran ara. Ṣùgbọ́n ó ní kí a ṣì dúró de èsì, nítorí ọgbẹ́ lè wà lókè kí nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin tó kù ló wá le jù. Ṣáájú, àìsàn ló ń bẹ̀rù. Nísinsìnyí, ó gbà pé bí jẹjẹrẹ bá wà níbẹ̀, ọwọ́ òun lòun fi gbé e síbẹ̀. Mo máa ń jí lóru bá a lórí ẹní ìrun, kì í kírun, á kàn jókòó.

Ọjọ́ kẹwàá, mo dúró sínú mọ́tò, òun nìkan ló wọlé lọ bá dókítà. Nígbà tó jáde, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò rí èsì kankan lójú rẹ̀. Ó rìn kọjá lára mi, ó ṣí mọ́tò ẹlòmíràn, ó wọlé, ó jókòó. Mo lọ bá a níbẹ̀.

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ," ó wí. "Álọ́ọ̀mù ló jó mi."

Dókítà ní kí ọgbẹ́ náà jinná fún oṣù méjì. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fún iṣan ibẹ̀ pọ̀, kí ó tún tú u sílẹ̀, lójoojúmọ́. Ó ní lésà lè ràn án lọ́wọ́, ó sì lè má tó o, kí a má san kọ́bọ̀ títí òun á fi tún yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ṣé wàá padà wá?" mo bi í.

"Màá padà wá. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí o. Àmọ́ màá padà wá."

A pe Wàlíyátù, ìpè kò wọlé. Ó ti pa fóònù láti òwúrọ̀, kí ìròyìn má baà bá a lójijì. Fàsílátù ní kí n yà sí Ara.

A bá a nídìí agbada. Ó gbọ́ ìró mọ́tò, ó mọ̀ pé àwa ni, kò yíjú.

"Ẹ má tíì sọ ọ́," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n yan èyí tán ná."

Gàrí náà ti yan kọjá, ó ti pọ́n, Wàlíyátù ṣì ń rò ó. Fàsílátù gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí. Wàlíyátù fi ìdí lélẹ̀ nínú eérú, ó bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó tì í. Èéfín gàrí bo àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó bìkítà nínú wọn. Èmi ni mo fa igi kúrò lábẹ́ agbada.