Ìpín Méjìlá Nínú Àkùrọ̀ Mámù

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí gbogbo ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rò ó fún mi. Ìwé kẹta ni mo kà dé, àmọ́ láti Òkè-Àgbò títí dé Mámù, ẹ bá mi wá ẹni tó mọ oko ìrẹsì jù mí lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará yunifásítì fi fi àkùrọ̀ tí wọ́n fi ń dán ìrẹsì wò sí ìkáwọ́ mi.

Ìpín méjìlá ni. Mẹ́fà jẹ́ ìrẹsì tuntun, èyí tí wọ́n ti yí ẹ̀dá ẹ̀ padà kí kòkòrò má lè jẹ igi ẹ̀. Mẹ́fà yòókù jẹ́ ìrẹsì àtijọ́ tiwa. Ọmọbìnrin tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà gba oyè ọ̀mọ̀wé kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fín oògùn sí ìkankan. Kí kòkòrò jẹ ti àtijọ́ bó ṣe wù ú, ibẹ̀ la ó ti mọ̀ bóyá tuntun ń gba ara ẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́.

Ìgbà tí ti àtijọ́ wá ń yọ orí funfun tí kò lọ́mọ nínú, ara mi ò gbà á mọ́. Ẹ̀bá ọ̀nà ni oko wà. Àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi kan dúró létí ọgbà, ó wò ó títí, ó ní, "Ọ̀gá àgbẹ̀, ṣé kòkòrò lò ń sìn báyìí ni?" Àwọn tó bá a rìn fi mí rẹ́rìn-ín lọ.

Ìdájí ọjọ́ kejì, mo pọn tánkì oògùn mi, mo fín ìpín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti àtijọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé mò ń ran ọmọ náà lọ́wọ́ ni. Irọ́ ni. Orúkọ mi ni mò ń tọ́jú.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà dé, ó la igi ìrẹsì àtijọ́ títí, kò rí ìdin kan. "Bàbá, ṣé ẹ fín nǹkan sí i?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọdún tí mo ti ń gbin ìrẹsì. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ oko, Bàbá. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e fún yín."

Mo wolẹ̀. Mo ní mo fín in.

Ohun tó ṣòfò nìyí: ìpín mẹ́fà ti àtijọ́, àti mẹ́fà ti tuntun tí kò ní ohun tí wọ́n máa fi wé mọ́, òjò ọdún kan, ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ náà tó kún dé ìdajì.