Ta Ni Yóò Fọwọ́ Sí Ìwé Òfurufú Mi?

Inú ṣì ń bí mi. Mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ti gbàgbé.

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé girama ní Èsìẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo rí ìkéde lórí fóònù mi pé ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun, tó máa ń gbé àwọn olówó lọ sí gbalasa òfurufú, fẹ́ fi ìjókòó kan ta olùkọ́ kan lọ́rẹ. Olùkọ́ láti ibikíbi láyé. Ẹni tí wọ́n bá mú yóò lọ, yóò padà wá, yóò sì ròyìn ohun tó rí fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ọdọọdún ni mò ń ya ayé roboto sójú pátákó fún ọmọ ọlọ́mọ, n kò sì fojú ara mi rí i rí.

Mo dáhùn gbogbo ìbéèrè wọn, ó wá ku ojú ewé kan. Ìbátan mi kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun mọ̀ pé mo lè má padà, àti pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà kò ṣèlérí pé òkú mi á délé.

Àṣìṣe mi ni pé mo ṣe é bó ṣe yẹ. Ǹ bá ní kí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dágbére fún olórí ẹbí. Bàbá mi ti kú, àbúrò rẹ̀ tí à ń pè ní Bàbá Kékeré ló kù. Díákónì ni. Mo kúnlẹ̀, mo fún un níwèé náà. Kò tíì kà á tán tó fi ránṣẹ́ pe gbogbo ilé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n jókòó yí mi ká ní pálọ̀ bí ẹni tó jalè.

"Ṣé ìjọba ló rán ọ níṣẹ́?" Bàbá Kékeré bi mí.

"Rárá, sà. Èmi ni mo fẹ́ lọ."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Àwọn tí ìjọba kọ́ níṣẹ́ ló ń lọ síbẹ̀, tí ìjọba á sì dáhùn fún wọn bí wọn ò bá padà. Kí ni ọmọ ènìyàn lásán ń wá lọ sí òfurufú? Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo láṣẹ, màá fi òfin dè é."

"Àwọn olówó ń lọ, sà."

"Àwọn yẹn lówó tí wọ́n fi ń ṣe wèrè. Ìwọ ńkọ́?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí wọ egungun. Tí olówó bá fẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, wọ́n á ní ó láyà. Tí olùkọ́ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ta ló wá ni ẹ̀mí mi?

Bàbá Kékeré nawọ́ sí ọ̀nà mùsíọ́mù ìlú wa, níbi tí àwọn ère òkúta Èsìẹ́ wà. "Lọ wo àwọn ère òkúta yẹn. Àlejò ni wọ́n, bí àwọn àgbà ti sọ, wọ́n kúrò nílé wọn, wọ́n di òkúta síbí. Ta ló mọ ilé wọn lónìí?"

N kò ní tọrọ àforíjì lórí ohun tí mo sọ tẹ̀lé e. Mo dìde.

"Bàbá mi ń gun ọ̀kadà láti ibí lọ sí Òmù-Àrán lójoojúmọ́. Gbogbo yín lẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí. Ìpàdé wo lẹ pè? Ìwé wo lẹ ní kó fọwọ́ sí kó tó kú sínú kòtò?"

Bàbá Kékeré ní mo ti ya ọmọ burúkú. Ó ká ìwé náà, ó tì í bọ àpò agbádá rẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ sí i nínú ẹbí náà. Màmá mi tẹjú mọ́ àpò náà. Mo gbá ilẹ̀kùn mọ́ wọn nígbà tí mò ń jáde.

Lọ́jọ́ kejì tí mo dé láti ilé ìwé, Màmá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń gbá ojú ibojì Bàbá mi bó ti máa ń ṣe. Ìwé mi wà lórí ibojì náà, Bíbélì rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́.

"Mo lọ gbà á," ó ní. "Mo sọ fún un pé èmi ni mo bí ọ. Jókòó."

Ó mú sísọ́ọ̀sì tó fi ń ránṣọ jáde, àti áńkáṣíìfù funfun kan. Kò yé mi.

"Bàbá rẹ, mo mọ ibi tó sùn sí, mo sì ń gbá a. Ìwọ, bí wọn ò bá gbé ọ wálé, kí ni màá máa gbá?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá kú sí ibi tí wọn ò ti lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń sin. Pásítọ̀ wa ti wàásù tako irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ni Màmá.

"Màmá, n kò tíì kú o!" Mo ṣì ń binú.

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń gé e nìyẹn. Mú ọwọ́ wá."

Ó gé èékánná mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gé irun díẹ̀ ní ìpàkọ́ mi, ó dì wọ́n sínú áńkáṣíìfù. Ó fi í há inú Bíbélì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ síwèé, ó sì padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Mo fi ìwé náà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà ò mú mi. Bàbá Kékeré ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jó dé iwájú pẹpẹ, inú bí mi débi tí mo fi jáde síta. Nígbà tí mo délé, mo ní kí Màmá da irun àti èékánná inú Bíbélì rẹ̀ nù, pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ó gbé Bíbélì náà mọ́ra.

"Ṣé wọn ò ní mú olùkọ́ mọ́ ni?" ó ní. "Fi í sílẹ̀ níbẹ̀."