Ọwọ́ Jáàkì Nínú Àwo Àjùmọ̀jẹ

"Mi ò wọ̀ ọ́. Tó bá wù ẹ́, fi wọ ọkọ̀ yìí lẹ́sẹ̀."

Lábẹ́ ọkọ̀ ni ohùn yẹn ti jáde. Lọ́yà dúró síwájú ọkọ̀ náà pẹ̀lú bàtà dídán, ó na ìbọ̀wọ́ funfun méjì síwájú bí ẹni tó wá fi ìwé ìpè ilé ẹjọ́ lé èèyàn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ méjì nìkan ló yọ síta.

"Àǹtí mi, wákàtí méjì péré ni mo tọrọ."

"Wákàtí méjì tí màá fi jókòó bíi dókítà tó fẹ́ la ikùn ẹran?"

"Màmá Nọ́ọ̀sì àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ bá wa jẹun ní Sátidé. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé. Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n ń yẹ èékánná àwọn ọmọ wò."

"Ọmọ ilé ìwé wọn ni mí?"

"Mo ti sọ fún wọn pé ẹ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀."

Jáàkì fi ẹ̀yìn wọ́ jáde, ó dìde, ó fi sípánà júwe yíká. "Irọ́ kọ́ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ rèé, ọkọ̀ rèé. Kí ló wá kù tá a fẹ́ fi aṣọ bò?"

Lọ́yà ki ìbọ̀wọ́ bọ àpò. "Ó dáa. Ilé oúnjẹ àwọn ará Etiópíà ni mo mú. Mo rí fọ́tò ibẹ̀, ó mọ́, kátíìnì funfun, òdòdó lórí tábìlì. Irú ibẹ̀ yẹn, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ ni. Ọwọ́ yín ò ní hàn jù."

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ò bá mọ Jáàkì mọ̀ ọ́n báyìí. Orúkọ táwọn òbí sọ ọ́ wà, kò kàn sẹ́ni tó ń lò ó mọ́. Lọ́jọ́ tí jáàkì tí ọ̀gá ẹ̀ fi gbé ọkọ̀ sókè já lẹ́nu iṣẹ́, tí ọkọ̀ fẹ́ tẹ oníbàárà lẹ́sẹ̀, òun ló fi ejìká gbé e dúró títí wọ́n fi fa ọkùnrin náà jáde. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di Jáàkì. Ọdún méjìlélógún rèé tó ti ń ṣe mẹ́káníìkì. Nígbà tí bàbá wọn kú, tí ìyá wọn ti ṣáájú, àbúrò yìí ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Jáàkì pa ìwé tiẹ̀ dé, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ kí ọmọ náà lè máa ka tiẹ̀. Ọ́ìlì ti wọ ìlà àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ débi tó ti di onílé níbẹ̀. Kẹrosíìnì bá a jà, ọṣẹ pẹ̀lú iyanrìn bá a jà, gbogbo wọn ló túúbá.

Kò bínú sí ọ́ìlì. Ohun tó ń ta á lára ni pé látọjọ́ tí Lọ́yà ti wọ aṣọ dúdú ilé ẹjọ́ yẹn, kò tíì wo ojú èèyàn kan rí kó sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi rèé, mẹ́káníìkì ni." Gbólóhùn kan ṣoṣo. Jáàkì fẹ́ gbọ́ ọ kí ọmọ náà tó gbéyàwó, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi gbà láti lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn mẹ́rin jókòó yí nǹkan kan ká tó dà bí agbọ̀n ńlá tó dìde dúró: Lọ́yà, Nọ́ọ̀sì àfẹ́sọ́nà ẹ̀, ìyá Nọ́ọ̀sì, àti Jáàkì. Agbọ̀n yẹn ni tábìlì. Kátíìnì funfun wà lóòótọ́, òdòdó náà wà. Ọmọge tó ń pín oúnjẹ níbẹ̀ dé pẹ̀lú kẹ́tùlù omi àti bàsíà.

Lọ́yà wo ẹ̀yìn ọmọge náà. "Ẹ jọ̀ọ́, fọ́ọ̀kì wa ńkọ́?"

"A kì í lo fọ́ọ̀kì, ọ̀gá. Ọwọ́ la fi ń jẹ ẹ́."

"Àwo kálukú ńkọ́?"

"Ẹyọ kan ni, ọ̀gá. Ẹ jọ máa jẹ ẹ́ pọ̀ ni."

Jáàkì kọjú sí àbúrò ẹ̀. "Lọ́yà tó ń ṣèwádìí. Fọ́tò ìta lo wò."

Wọ́n na ọwọ́ sórí bàsíà. Ọwọ́ Màmá funfun nini, ti Nọ́ọ̀sì ò ní àléébù, ti Lọ́yà rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Ti Jáàkì wọlé kẹ́yìn. Omi dà á, ọṣẹ hó, omi tún dà á, kò sí nǹkan tó yí padà.

Màmá sún dígí ojú ẹ̀ sókè. "Kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

"Ọ̀dà ni, mà," Lọ́yà ti gbà á lẹ́nu. "Wọ́n ń kun ọ́fíìsì wọn ni."

"Ọ̀dà kọ́, mà," ni Jáàkì wí. "Ọ́ìlì ni. Mẹ́káníìkì ni mí. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo ti ń jẹun, ibẹ̀ náà lọmọ yìí ti jẹun di lọ́yà."

Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ sí í wo òdòdó bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Kì í lọ ni?" Màmá bi í.

"Ó máa ń lọ, mà, bí ẹni tó gba ìsinmi. Tó bá di Mọ́ńdè, ó ti wọṣẹ́."

Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, ejìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Oúnjẹ sì dé: ínjẹ́rà kan, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tiwọn, tó fẹ̀ bíi ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù, tó rọ̀ bíi fóòmù ìjókòó ọkọ̀, ihò wẹ́wẹ́ lójú ẹ̀ gbogbo. Ọbẹ̀ oríṣi mẹ́fà ló gúnwà sórí ẹ̀. Màmá fi ìka fa ìlà síwájú ara ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n máa jẹ tèmi níbí."

"Kò burú, mà. Àwo tóbi. Ọ̀dọ̀ mi kàn ni ọbẹ̀ adìyẹ wà."

Jáàkì ya tiẹ̀, ó fi gbá ọbẹ̀, ó jù ú sẹ́nu. Ó kan, bí nǹkan tó sun inú omi mọ́jú. Ata ẹ̀ ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀fun, ó jẹ́ kó gbé e mì tán kó tó dáhùn. Jáàkì mí kanlẹ̀. "Oúnjẹ yìí gbọ́n," ló wí, ó tún ya òmíràn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n mú un wá síbí láti fi í pamọ́, òun ò sá pamọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ń ná ọjà láàárín àwo bíi tẹni tó ni ín.

Màmá wo ọbẹ̀ adìyẹ lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì. "Bá mi bù lára pupa yẹn," ló wí fún ọmọ ẹ̀.

"Mọ́mì, ọwọ́ yín tó o."

Màmá na ọwọ́ kọjá ìlà tó fà.

Nígbà tí ọmọge náà padà wá bu omi mímu, ó ní nílùú tàwọn, tẹ́nì kan bá fẹ́ràn ẹ, á wé òkèlè, á fi ọwọ́ ara ẹ̀ tì í bọ̀ ẹ́ lẹ́nu. Gúrṣà lorúkọ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fún, òun náà á wé tiẹ̀ padà.

Jáàkì wé ọ̀kan tó tóbi. "La ẹnu."

"Àǹtí mi, mo ti yó."

"Kí lo jẹ? La ẹnu. Ọwọ́ yìí náà ló ń fún ẹ lóògùn ibà nígbà tó o máa ń gé mi jẹ."

Lọ́yà wo Màmá. Màmá ń wo ìka dúdú yẹn. Lọ́yà la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ súfèé, Jáàkì fi àtàǹpàkò tì í wọlé. Omi yọ lójú ọmọkùnrin náà. Bóyá ata ni.

"Ó kù tiyín, ọ̀gá," ni ọmọge náà wí, ó sì lọ.

Lọ́yà ya ínjẹ́rà, ó wé e dáadáa, ó gbé e kúrò lójú àwo. Ó ti dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí Màmá sọ̀rọ̀.

"Lọ́yà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó o sọ fún wa nílé, kí ló jẹ́ gan-an? Ìwọ ni mo bi, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ."

Òkèlè dúró lófuurufú. Jáàkì ò ràn án lọ́wọ́. Àbúrò tó bá gbọ́n á mọ̀ pé ilẹ̀kùn ló ṣí yẹn.

"Mà," ni Lọ́yà wí, "ẹ jẹ́ ká jẹun tán ná." Ó gbé òkèlè náà sílẹ̀ létí àwo.

Nọ́ọ̀sì ò lè gbà á mọ́ra. Ó mú òkèlè ọ̀hún, ó na án sí Jáàkì. "Àǹtí mi, ẹ gbà, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọlọ́run á bù kún ẹ, ìyàwó mi. Àmọ́ gbèsè ọkọ ẹ ni. Má bá a san án, á mọ́ ọn lára."

Jáàkì dìde, ó kí Màmá, ó jáde. Lọ́yà sáré bá a lẹ́bàá títì.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ìjókòó iwájú pátápátá la máa fún yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó."

"Mi ò bèèrè àga. Òkèlè mi ńkọ́?"

"Òkèlè lásán?"

"Tó bá jẹ́ lásán, kí ló dé tó fi wúwo lọ́wọ́ ẹ?"

Lọ́yà wẹ̀yìn, ó rí Màmá lójú fèrèsé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ fún mi lọ́jọ́ díẹ̀."

"Gba ọjọ́ tó o bá fẹ́. Iwájú Màmá náà lo ti máa san án."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá báyìí. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́yà ti fi aṣọ ránṣẹ́, ó ti fi bàtà ránṣẹ́, ó ti fi kéèkì ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù, Jáàkì sì ń dá gbogbo ẹ̀ padà pẹ̀lú èsì kan náà: kì í ṣe nǹkan tí òun ń retí nìyẹn, òkèlè òun lòun ń dúró dè.