Àwọn Ọmọ Eku Tí Kò Dé Orí Ìwé

Ìyá Eku ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń tọ́jú eku ní ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì, tó ń pààrọ̀ èérún pákó inú àgò, tó sì ń ka ọmọ tí wọ́n bá bí. Oyún mẹ́ta ti wálẹ̀ lára òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ti pé ọ̀sẹ̀ méje. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́dọ̀ ìran eku kan, ọmọ máa ń dín. Níbi tó yẹ kí mẹ́jọ wà, mẹ́fà ló máa ń bá. Ó mọ̀ pé eku a máa jẹ ọmọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé: "Ìyá jẹ méjì." Ọdún méjì ló fi ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ṣí ìwé náà.

"Ìyá Eku, ṣé o rí i nígbà tó ń jẹ wọ́n?"

"Rárá, mà. Àmọ́ ta ni ì bá tún jẹ wọ́n? Èmi kọ́ o, mo jẹun kí n tó kúrò nílé."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó sì pè é sídìí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ilé ọmọ tí wọ́n yọ lára eku kan tó lóyún ọjọ́ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ọlẹ̀ mẹ́fà tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Àpá dúdú lásán ló wà níbi méjì.

"Àwọn méjì yìí ti kú tipẹ́. Jíìnì kan, ìyẹn àbùdá àjogúnbá, wà tí ọlẹ̀ fi ń dàgbà; bàbá á fún un ní ọ̀kan, ìyá á fún un ní ọ̀kan. Bàbá eku yìí ní ọ̀kan tó dáa àti ọ̀kan tó bàjẹ́. Ìyá náà bẹ́ẹ̀. Ara àwọn méjèèjì le. Ọlẹ̀ tó bá gba èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kì í yè."

"Ìyá ò wá jẹ ẹnì kankan?"

"Kò jẹ ẹnì kankan."

Ìyá Eku tún bojú wo inú awò náà. Nígbà tí oyún kẹta wálẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ sókè ketekete pé, "Inú tó ń jẹ ọmọ."

Nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ ń nu bàtà.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ pé àtọ̀dọ̀ àwa méjèèjì ni."

"Èmi? Ṣé èmi ni mo ń lóyún ni?"

"Ara bàbá eku kan níbi iṣẹ́ wa náà le, síbẹ̀ ọmọ rẹ̀ ń kú sínú."

"O wá fi mí wé eku!"

Ó ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó wọ yàrá ìyá rẹ̀ lọ. Ìyá Eku gbọ́ ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri: "Ṣebí mo sọ fún ọ."

Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ dé, oyún kẹrin wálẹ̀.

Nígbà tó padà síbi iṣẹ́, kò lọ sídìí àgò. Ó gbé ìwé náà, ó mú gègé, ó sì ń fagi lé e láti ojú ewé kìíní: ìyá jẹ méjì, ìyá jẹ mẹ́ta, ìyá jẹ ọ̀kan.