Ọ̀sán Gangan Ni Ìyàwó Wọlé Wa

Mo mọ orúkọ gbogbo wọn. Mo mọ orúkọ nọ́ọ̀sì, mo mọ ti awakọ̀, mo mọ ti obìnrin ará Ko-Koumolou tó fi ẹsẹ̀ kan jó. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ wọ́n síbí. Àwọn kan ṣì wà láàyè, àwọn tó sì ti kú, ọmọ wọn ń bẹ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ìyá mi bí ìbejì, wọ́n bá mú mi kúrò nílé ìwé kí n lè máa pọn ọ̀kan. Ohun tí ojú mi rí ni mo ń kọ.

Ọ̀rọ̀ ìyálé mi ni. Àwa méjèèjì la jọ fẹ́ ọkọ kan ní Ifangni níhìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ dé, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Epo pupa ló ń ṣe. Bí ó bá kọjá lára rẹ, o ó gbóòórùn epo tuntun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé ọkọ, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí ju ti ọkọ lọ. Ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n fi aṣọ bò mí lórí, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń sunkún. Nílé wa, ìyàwó kì í wọlé àfi tí ìyá ilé bá fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí a kò bá wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, àlejò ni, ì báà bí ọmọ mẹ́wàá. Ìyálé mi bẹ̀rẹ̀, ó da omi sí mi lẹ́sẹ̀, ó fi etí ìró ara rẹ̀ nù ún, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹlòmíràn kò gbọ́: “Má sunkún mọ́. Ẹni tó bá bá ọ jà nínú ilé yìí, èmi ló bá jà.” Kò yẹ ọ̀rọ̀ náà títí ó fi kú.

Àsìkò Rẹfolúṣọ̀n, ìjọba ológun wa, ni àìsàn kọlù ú, nígbà tí gbogbo ènìyàn di kamaráàdì, àtọmọdé àtàgbà. Ikùn rẹ̀ wú, ó sì le. Wọ́n gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí ohun tí ọ̀bẹ lè ṣe sí i. Wọ́n ní ilé kan wà lọ́nà Àjàṣẹ́ tí àwọn màsẹ̀ẹ̀, àwọn obìnrin Kátólíìkì aláṣọ funfun, ti ń tọ́jú ẹni tí oògùn kò lè wò sàn mọ́. Oògùn olómi wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń fún un mu, tí oró kò fi ní pa á. Ṣùgbọ́n ibùsùn ibẹ̀ ti kún. Wọ́n ní ká padà sí ilé ìwòsàn Ifangni, ká máa gba abẹ́rẹ́, ká máa retí.

A kọ́kọ́ gbìyànjú láti tọ́jú rẹ̀ nílé. Igbe tó ké lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkọ wa jáde lọ sóko láìmú àdá. A gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Mo tẹ́ ẹní sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ibẹ̀ di ilé mi. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni mo ti ń dáná. Ògì nìkan ló ń lọ lọ́fun rẹ̀. Mo máa ń fọ aṣọ rẹ̀, mo máa ń sá a sórí ọgbà. Tí oró bá dé kí àkókò abẹ́rẹ́ tó tó, mo máa ń fi aṣọ gbígbóná tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù bí ilẹ̀ odò. A ó máa sọ̀rọ̀ àwọn ará ilé wa, a ó máa rẹ́rìn-ín wọn. Ẹ̀rín máa ń dùn ún nínú, síbẹ̀ á ní kí n tún un sọ.

Ọmọdébìnrin ni nọ́ọ̀sì wa. Lówùúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ó wọlé, ó ní, “Kamaráàdì, báwo lara?”

Ìyálé mi la ojú. “Ta ni kamaráàdì rẹ? Mo bí ẹni tó jù ọ́ lọ.”

“Ìyá, ẹ má bínú. Wọ́n ní ká máa pe gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni.”

“Dákọ̀ọ̀, mo gbà. Pè mí ní Ìyá Kamaráàdì. Kí o sì kúnlẹ̀ tí o bá ń pè é.”

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, Ìyá Kamaráàdì ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é. Obìnrin ará Ko-Koumolou tó wà lórí ibùsùn kejì, tó jábọ́ láti orí àkàsọ̀ tó fi dá lẹ́sẹ̀, máa ń ní, “Ìyá Kamaráàdì, ìgbà wo lẹ máa fi mí joyè?”

Ohun kan wà tí ìyálé mi kì í fi ṣeré. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ní kí a jọ gbàdúrà kí ibùsùn ṣí nílé àwọn màsẹ̀ẹ̀. Ó wò mí. “Ìyàwó mi, báwo ni ibùsùn ṣe máa ń ṣí níbẹ̀?” Mo gbé abọ́ ògì sílẹ̀. “Mi ò ní bẹ Ọlọ́run kí ọmọ ẹlòmíràn kú kí èmi lè rí ibi sùn. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ fún ni kí n wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó ọmọ mi.”

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló fẹ́ gbé ìyàwó, ọmọ ìlú Tchaada. Wọ́n ní kí a sún ọjọ́ síwájú, ó kọ̀. Ó bá nọ́ọ̀sì ṣàdéhùn: lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó bá ti gba abẹ́rẹ́ ìrọ̀lẹ́, a ó gbé e lọ sílé, á wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó, a ó sì dá a padà. Nítorí ìyẹn ló ṣe ń mu ògì tí kò wù ú. Á ní, “Bu díẹ̀ sí i. Mo fẹ́ rí okun bẹ̀rẹ̀.”

Ọjọ́ náà pé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, báṣé kan, ọkọ̀ tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, dúró lẹ́nu ilé ìwòsàn. Awakọ̀ àwọn màsẹ̀ẹ̀ ni. Ibùsùn ti ṣí.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú wa, ẹ dúró di alẹ́.”

“Ìyá, iná iwájú ọkọ̀ mi ti kú. Tí ilẹ̀ bá ṣú bá mi lọ́nà, inú kòtò ni màá gbé ìyá yìí sí. Tí mo bá sì lọ lófìfo, ẹlòmíràn tó ń retí ni wọ́n á fún.”

Mo wo ìyálé mi. Ó ti kọjú sí ògiri. “Kí ó máa lọ,” ló wí. Ó mọ ohun tó ń kọ̀: oògùn tí kò ní jẹ́ kó ké mọ́.

Mo ní, “Awakọ̀, ẹ lè jẹ ẹ̀bà?” Ó ní òun lè jẹ ẹ́. Mo gbé ẹ̀bà sílẹ̀ fún un, mo ká ìró mi sókè, mo sáré.

Ilé ìbátan wọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ni wọ́n mú ìyàwó dé sí, wọ́n ń retí kí ilẹ̀ ṣú. Mo ro ẹjọ́ mi, pé kí wọ́n jẹ́ ká mú ìyàwó lọ sílé ìwòsàn kí ọkọ̀ tó lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ dìde fùú.

“Lọ́sàn-án? Ọmọ wa kì í ṣe iṣu tí wọ́n ń rù lọ sọ́jà. Ẹ̀yin ará Ifangni, ojú yín ti là jù!”

“Ẹ máa bú mi, màmá. Ẹ kàn máa bú mi lọ́nà níbi tí a ti ń lọ.”

Ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́ ohùn lábẹ́ aṣọ: “Tó bá di alẹ́, ta ló máa wẹ̀ mí lẹ́sẹ̀?”

Ìyàwó dìde fúnra rẹ̀.

Mo yà sílé, mo bu omi nínú àmù wa, nítorí omi ilé ni wọ́n fi ń wẹ̀ é. A gba iwájú ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ Rẹfolúṣọ̀n, ìpàdé ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n tú jáde.

“Kamaráàdì, kí lèyí?”

“Ìyàwó ni!”

“Ṣé ó ti ṣe tán?” Bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn nígbà náà nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó, tó ṣì ń bú mi, ló dáhùn: “Ó ti ṣe tán! Ìjà ń tẹ̀ síwájú!” Ẹ̀rín sọ, àwọn kan nínú wọn fi ìpàdé sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé wa.

Nígbà tí ìyálé mi gbọ́ orin lójú ọ̀nà, ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì gbé abọ́ wá. Mo di ìbàdí rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn kí ó lè bẹ̀rẹ̀. Ìdajì omi dà sílẹ̀, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ kígbe pé, “Háà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ibẹ̀ ni o!” Ìyálé mi wẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wẹ tòsì, ó fi etí ìró ara rẹ̀ nù wọ́n. Èmi tí mo dì í mú, mo gbọ́ ohun tó sọ.

“Má sunkún mọ́. Ẹni tó bá bá ọ jà nínú ilé yìí, èmi ló bá jà.” Ó mí díẹ̀. “Tí o kò bá rí mi, ìyá ilé ló dì mí mú yìí.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe joyè. Obìnrin ará Ko-Koumolou sọ̀ kalẹ̀, ó di igi mú, ó fi ẹsẹ̀ kan jó, nọ́ọ̀sì ń bú u, òun náà sì ń jó. A gbé ìyálé mi sínú báṣé, mo wọlé tì í. Awakọ̀ fun fèrè títí a fi jáde nílùú.

Oògùn olómi náà ṣiṣẹ́. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn màsẹ̀ẹ̀ ju bí dókítà ti rò lọ. Ó sùn, ó jẹ ọbẹ̀ ẹja, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè fi imú mọ epo tó dára. Òwúrọ̀ kan, lẹ́yìn òjò, ó lọ, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú tèmi. Kò ké. Ẹ̀mí rẹ̀ ni àìsàn gbà, kò rí nǹkan mìíràn gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ẹbí ní kí a mú ìyàwó náà jáde lálẹ́, kí a tún ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo ní ta ni ìyá ilé? Wọ́n ní èmi ni. Mo ní ó ti wọlé.

Mo ṣì ń sunkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ìyàwó kankan kò tún gba òkùnkùn wọ ilé wa. Ọ̀sán ni wọ́n ń mú wọn wá, oòrùn á máa ràn, gbogbo ìlú á máa wò. Ìyàwó ọjọ́ náà, tó ti di ìyá àgbà, ló máa ń di ìbàdí mi mú báyìí, èmi á sì bẹ̀rẹ̀.