Bí Wọ́n Ṣe Dá Limota Padà Sórí Bẹ́ǹṣì Ọmọ Iṣẹ́

Wọ́n ń sọ kiri Ìwárò Ọ̀kà pé Limota télọ̀ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé dókítà yunifásítì kan jáde, pé ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ télọ̀ fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Irọ́ ni. Èmi Ìyá Munir, tí mò ń ta òwú àti bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú mi ló ṣe. Àga ló fún ọkùnrin náà, ó tún ra omi tútù fún un. Ká ní ó tiẹ̀ lé e ni, ì bá sàn.

Ọmọ Yẹ̀kínì àgbẹ̀ ní Sosan ni Limota. Nígbà tí owó iléèwé ò sí mọ́, wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Màmá Dáramọ́lá ní Ìkàrẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko. Ó pọnmi ọ̀gá, ó pọn ọmọ ọ̀gá, kó tó fọwọ́ kan màṣíìnì. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó ṣe fírídọ́ọ̀mù, Màmá Dáramọ́lá kú. Fírídọ́ọ̀mù kì í ṣe eré lọ́dọ̀ wa o. Ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, á gbàdúrà sí i lórí, ẹgbẹ́ á ṣe àmín. Ẹni tí kò rí i gbà, ọmọ iṣẹ́ ṣì ni, bó tilẹ̀ hewú.

Limota panu mọ́, ó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀kà. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé. Ọmọbìnrin mọ́kànlá ló ti kọ́ yege.

Àfi bí Dókítà Fúnminíyì ṣe dé. Ó ní òun ń ṣèwádìí ìdí tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́ kì í fi í rọ́wọ́ mú bí àwọn tó kàwé. Ó ní òun ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Limota bá tú gbogbo inú rẹ̀ fún un. Lóòótọ́, kò dárúkọ. Ó pe ẹgbẹ́ télọ̀ àti àwa tí à ń tajà fún wọn jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkàrẹ́, ó sì ka ohun tó kọ sí wa létí pé obìnrin kan wà ní Ọ̀kà, ọ̀gá rẹ̀ kú kó tó gba fírídọ́ọ̀mù, ó sì ti kọ́ ọmọ mọ́kànlá. Télọ̀ mélòó ló kọ́ ọmọ mọ́kànlá ní Ọ̀kà? Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ Limota. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé òun gbé e níyì ni.

Alhaja Àsàmáù, ìyá ẹgbẹ́, dìde. “Limota, ta ló gbàdúrà fún ẹ?”

“Alhaja, ọ̀gá mi kú.”

“Mi ò bi ẹ́ nípa òkú. Ta ló gbàdúrà fún ẹ?”

“Kò sí, mà.”

“Ọmọ iṣẹ́ ló wá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.”

Dókítà ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe torí èyí ni mo ṣe…”

“Dókítà, ẹ ti ka ìwé yín tán. Ẹ jókòó.”

Mo fò dìde. Mo ní, “Happiness ọmọ kánsẹ́lọ̀ ńkọ́? Oṣù mẹ́ta ló fi jókòó níbi ìkọ́ṣẹ́ ìjọba kan, wọ́n fún un ní sàtífíkéètì àti màṣíìnì tuntun, ẹ sì gbà á sẹ́gbẹ́. Kò mọ ọrùn búbá í gé. Ta ló gbàdúrà fún un?”

“Ìyá Munir, bọ́tìnì lẹ̀ ń tà. Ẹ lọ tà á.”

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní kí Limota sọ bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀, kó tún fọdún kan ṣe ọmọ iṣẹ́. Tó bá kọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta tó ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ò ní gba fírídọ́ọ̀mù láéláé. Ọdún mẹ́rin làwọn yẹn ti lò. Ohun tó pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Ta ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́? Ìbíyínká, ọ̀kan nínú mọ́kànlá tí Limota fúnra rẹ̀ kọ́. Alhaja ní ti àwọn mọ́kànlá yẹn ti kọjá, pé òun alára ṣe àmín sí fírídọ́ọ̀mù wọn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà.

Dókítà ń pè mí lórí fóònù pé kí n bá òun bẹ Limota. Mo ní kó lọ kọ ìyẹn náà sínú ìwé ẹ̀.

Ní Tọ́sìdeè, mo gbé òwú lọ fún Ìbíyínká. Limota wà lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ kéékèèké, ó ń tú aṣọ tí ọ̀kan nínú wọn rán wọ́. Mo bi í bóyá yóò kúnlẹ̀ lóòótọ́ tọ́jọ́ bá pé.

“Màá kúnlẹ̀, Ìyá Munir. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa ṣe tàwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún Alhaja kó má gbàdúrà gígùn. Mi ò ní ṣe àmín.”