Vedavalli To Erin Mọ́kànlá Sójú Síkírìn Mẹ́ta

Ọgbọ̀n ọdún ni Vedavalli, aládùúgbò mi ní Kanchipuram, ti ń ya iṣẹ́ ara sárì, aṣọ gígùn tí àwọn obìnrin wa ń wé mọ́ra, fún àwọn ahunṣọ. Ètò ìyàwòrán tó mọ̀ ọ́n lò ti gbó débi pé kò sí kọ̀ǹpútà òde òní tó fẹ́ gbà á sílé. Ó wá fi ètò mìíràn dá kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, sínú tuntun, bí ẹni kọ́ yàrá sínú yàrá, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀, Munirathinam, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ń sọ kiri pé kọ̀ǹpútà ìyàwó òun ti lóyún.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kó ya erin mọ́kànlá tó ń tọ ara wọn lẹ́yìn sí etí sárì ìyàwó kan. Síkírìn kan kò gbà ju mẹ́rin lọ. Ó ra méjì sí i, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà oyún inú náà kò mọ̀ pé wọ́n wà. Vedavalli pa á, ó wọ ibi ètò rẹ̀, ó sọ iye síkírìn di mẹ́ta, ó fi kún àyè tó ń gbé àwòrán sí, ó tún un tàn.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwa tó pé lé e lórí sì pàtẹ́wọ́. Àfi bí mo ṣe rí i pé orí erin kẹrin wà ní ìpẹ̀kun ọwọ́ ọ̀tún, ìdí rẹ̀ wà lọ́hùn-ún lápá òsì síkírìn àárín, àwọn ẹbí rẹ̀ sì tò sáàárín.

Munirathinam ní, "Valli, erin yìí ti fi orí wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Chennai, ó gbàgbé ìdí sílé."

Vedavalli dá ọkọ rẹ̀ lóhùn: "Ẹ dákẹ́ jàre, bàbá Kavitha. Ṣebí ẹ̀yin náà ti gbé èrò tó ń lọ sí Vellore dé Arani rí."

A rẹ́rìn-ín títí Vedavalli fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó dìde, ó wọ ibi tí wọ́n ti ń to síkírìn, ó fi ti ọ̀tún pààrọ̀ ti òsì. Erin so pọ̀, wọ́n ń lọ gbọọrọ bí ọba.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Kuppammal, ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin, tó jókòó lẹ́yìn wa, fi ọ̀pá tọ́ka: "Ìyàwó mi, ẹsẹ̀ márùn-ún ni erin kẹfà ní."

A sún mọ́ ọn, a wò ó. Òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Vedavalli ti ń wò ó ní ìdajì-ìdajì lójú síkírìn kan ṣoṣo, kò rí i. Ó fi ẹ̀rín gbá ìyá náà mọ́ra. Ó pa ẹsẹ̀ náà rẹ́, iṣẹ́ sì dé ọ̀dọ̀ ahunṣọ ní ọjọ́ Ẹtì.

Lọ́jọ́ tí a rí ẹsẹ̀ karùn-ún yẹn, Kuppammal ní kí wọ́n fún òun ní eku kọ̀ǹpútà. Ó ń fi í lé ọfà kékeré ojú síkírìn láti ti kìíní dé ẹ̀kẹta, ó ń dá a padà, kò sì dìde lórí àga ọ̀hún títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù.